Ọmọ Àdàbà Tó Bọ́ Sílẹ̀ Lẹ́yìnkùlé

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo mú wá lóṣù yìí, nítorí kò sí ọdún kan tí àwọn ọmọdé kì í gbé òròmọ àdàbà wọlé, tí wọn á ní ó já bọ́ láti orí igi, tí wọn á sì máa bẹ ìyá wọn pé kí ó bá àwọn wá páálí àti gààrí rírẹ. Ìyá á ṣe é, nítorí àánú. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ẹyẹ ti kú, ẹkún ti sọ nínú ilé.

Àdàbà kì í jìnnà sí ènìyàn. Orí igi ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná tàbí orí igi máńgòrò ni yóò kó igi tín-ín-rín jọ sí. Ìtẹ́ rẹ̀ kò jọ ti ẹ̀ga tó mọ iṣẹ́ híhun. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ rẹ̀ lè máa rí ẹyin méjèèjì lókè. (Bí àdàbà bá jẹ́ ìyàwó ilé ni, ìyá ọkọ ì bá ti sọ̀rọ̀ sí i.) Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ títọ́, n kò rí ohun tí a lè fi bá a wí. Takọtabo ní ń sàba: akọ a máa gba ipò lọ́sàn-án, abo a sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Láàárín ọjọ́ 13 sí 15, wọ́n á pa ọmọ. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà, wàrà ni. Kì í ṣe wàrà ọmú bí tiwa o. Inú àpò kan ní ọ̀fun ẹyẹ, níbi tí oúnjẹ ti kọ́kọ́ máa ń dúró, ni ó ti ń sun jáde. Baba ní in gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ẹ bá mi kà á sétí àwọn baálé yín.

Ọmọ á ki ẹnu bọ inú ẹnu òbí rẹ̀ kí ó tó mu ún. Kì í la ẹnu sílẹ̀ kí a fi oúnjẹ sí i bí ọmọ ọ̀pọ̀ ẹyẹ mìíràn. Nítorí náà ni gààrí rírẹ kò fi bá a mu. Bí a bá sì fi tipátipá da omi sí i lẹ́nu, ihò èémí rẹ̀ wà ní ìdí ahọ́n, omi lè gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóóró.

Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti pa á, ìyẹ́ ti bò ó, á máa dúró sí etí ìtẹ́, á máa gbọn apá. Lẹ́yìnkùlé tiwa, èyí èkíní ti lọ láàárọ̀, ṣùgbọ́n èkejì dúró sí etí ìtẹ́ títí ọ̀sán fi pọ́n. Òbí rẹ̀ kan wà lórí okùn aṣọ. Kò sún mọ́ ọn, kò sì lọ. Nígbà tí ó wá fò, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ tó fi balẹ̀ sídìí ìkòkò omi. Ọmọbìnrin mi kékeré dìde, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Kò pẹ́ tí òbí náà sọ̀ kalẹ̀ wá bọ́ ọ.

Èyí tó ti hu ìyẹ́ tí ẹ bá rí nílẹ̀ kò sọnù. Fífò ni ó ń kọ́, wọ́n sì ń bọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ológbò bá wà nítòsí, ẹ ti ológbò mọ́lé, ẹ gbé ẹyẹ sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀, nítorí òbí rẹ̀ kì í fẹ́ wá lójú ènìyàn. Èyí tí ara rẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò ni kí ẹ dá padà sínú ìtẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá kàn án, ìyá rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìtẹ́ bá ti tú, igbá kékeré tí a lu nídìí, tí a tẹ́ koríko gbígbẹ sí, tí a sì so mọ́ ẹ̀ka kan náà, lè rọ́pò rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọkùnrin tó ń fi rọ́bà ta ẹyẹ, ẹ gba rọ́bà náà lọ́wọ́ wọn, ó kéré tán títí ìtẹ́ yóò fi ṣófo.