Ọ̀bẹ SAP ń gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ta ló ń sanwó ẹ̀?

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ SAP, nílùú Walldorf lórílẹ̀-èdè Jámánì, fẹ́ sọ òwe yìí di irọ́. Láti ọdún 1972 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, sọ́fítíwíà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe ìṣirò owó, ọjà àti òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n ń tà. Ẹ ra á, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ láṣẹ láti máa lò ó títí. Ní báyìí, SAP fúnra wọn ló ń pa ọjà yẹn.

Cloud ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ni, tí ẹ̀ ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lò, tí ẹ̀ ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé tí èèyàn rà àti ilé tó háyà náà ni.

Ibi tó ti le nìyí. Ẹni tó ń ta ilé ń gba owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi háyà, owó ọdún àkọ́kọ́ á kéré, bẹ́ẹ̀ òun ló tún máa tún òrùlé ṣe. Ní Oṣù Kẹwàá 2020, Christian Klein, ọ̀gá àgbà SAP, kéde pé àwọn ò ní lè bá èrè tí àwọn ti ṣèlérí mọ́. Àrùn Kòrónà wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n tún fẹ́ tètè kó oníbàárà lọ sórí cloud. Lọ́jọ́ kejì, iye ìpín ìdókòòwò wọn já wálẹ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ wá wo ìyókù. Lọ́dún 2020, cloud mú bílíọ̀nù 8.08 Yúrò wọlé, títa sọ́fítíwíà mú bílíọ̀nù 3.64. Nígbà tó fi máa di 2024, cloud ti di bílíọ̀nù 17.14, títa ti ṣẹ́ kù sí bílíọ̀nù 1.4. Ohun tó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù méjì bọ́ lọ́wọ́ wọn, mẹ́sàn-án wọlé. Ní Oṣù Kẹta 2025, SAP kọjá Novo Nordisk, wọ́n di ilé iṣẹ́ tó níye lórí jù lọ́jà ìpín ní Yúróòpù. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Lójú tèmi, Klein ò ṣìnà. Ká ní wọn ò pa ọjà ara wọn, Workday, Salesforce àti Oracle á bá wọn pa á. Àmọ́ ta ló bi oníbàárà? SAP ti ní àtìlẹ́yìn fún ECC, sọ́fítíwíà àtijọ́ wọn, máa parí ní òpin 2027. Ẹni tó bá fẹ́ dé 2030 á fi owó lé e. Lọ́dún 2023, wọ́n tún ní orí cloud nìkan ni àwọn nǹkan tuntun tí wọ́n ń fi AI ṣe máa wà. DSAG, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà wọn ní Jámánì, fi ẹ̀hónú hàn, mo sì dá wọn láre. Ẹni tó fi owó ńlá ra ilé, tó tún ń san owó àtúnṣe lọ́dọọdún, kò yẹ kí wọ́n fọgbọ́n lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà ní Nàìjíríà. Sọ́fítíwíà tí ẹ rà lọ́dún 2022, ẹ ti sanwó ẹ̀ tán kí náírà tó já. Cloud ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń san ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lóṣù, nǹkan bí ₦460,000 ló ń kó sílẹ̀ kó tó di Oṣù Kẹfà 2023 tí CBN tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Ní òpin 2024, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni o! Tí owó ò bá sì sí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ìwé ìṣirò yín á wà nínú ilé onílé.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Sáfà inú ọ́fíìsì náà ń mu dísẹ̀lì, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n: ṣé náírà la máa fi san àbí dọ́là? Èló lẹ lè fi lé e tí àdéhùn bá parí? Tá a bá fẹ́ kúrò, báwo la ṣe máa kó àkọsílẹ̀ wa? Ẹni tí ò bá rí ìkẹta yẹn dáhùn, ẹ má kó ẹrù yín wọ ilé ẹ̀.