Ojú-Ewé Ìdílé: Ọmọ Tí Inú Máa Ń Run ní Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé



Inú ọmọ kan a máa run ún ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Sátidé kò run ún. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó jẹ iyán yó, ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lẹ́yìn Mísà. Ìyá rẹ̀ po àgbo fún un, ó mu ún, ó sì lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú omijé lójú. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, inú náà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé àgbo sílẹ̀ ná, kí ẹ bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ bi í nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, bóyá ní alẹ́ níbi tí ẹ ti jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kí bàbá má ṣe di pàṣán mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ lè gbọ́ pé ọmọ CM2 kan ni ó ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí pé àwọn kan ń dè é lọ́nà lẹ́yìn ilé-ìgbẹ́. Ẹ sì lè gbọ́ pé wọ́n ń fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé apá Ọ̀họ̀rí ni ó ti wá sí Kétu. Ẹ̀gàn yìí, kí á sọ òótọ́, inú ilé wa ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ ọ.

Ọmọ tí àánú rẹ̀ ń ṣe wá jù ni èyí tí a mú láti abúlé oko wá fi sọ́dọ̀ ẹbí ní Kétu tàbí ní Pobè nítorí ilé-ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kò ní ìyá nítòsí tí yóò gbá ìró mú wá bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé, ẹ̀yin ni ìyá náà.

Ọ̀pọ̀ òbí kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n ní, "Bí mo bá lọ fẹjọ́ sùn, ọmọ mi ni yóò jìyà rẹ̀." Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àwọn mìíràn a sì dúró láàárín àgbàlá ilé-ìwé, wọn a bú olùkọ́, wọn a fẹ́ na ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́la, ọmọ tiwọn ni yóò kú síbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹ lọ nígbà tí kíláàsì bá ti parí. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà bá yín kọ ọ́. Ẹ wá sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí wọ́n jáde ṣeré, wọ́n gba owó ọmọ mi lẹ́yìn kíláàsì. Ta ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní àkókò náà?" Ìbéèrè yìí ṣòro láti fi ẹ̀rín lé sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe. Bí olùkọ́ kò bá ṣe nǹkan, ọ̀gá ilé-ìwé ń bẹ, ẹgbẹ́ òbí náà sì ń bẹ.

Ní ti ẹgbẹ́ òbí yìí, owó dídá nìkan ni a sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀, àwọn bàbá ni ó sì ń lọ, tí àwọn kan ń tòògbé. Kí àwọn ìyá máa lọ. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí á ti sọ̀rọ̀ ilé-ìwé tí kò ní ọgbà, kànga tí kò ní ìdérí, àti ọ̀nà tí ọmọ CI ń dá gbà kọjá níwájú ọkọ̀ ńlá tí ó ń kó sìmẹ́ńtì láti Onígbólò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni. Ìwé òfin nípa ọmọdé tí ìjọba Benin gbé jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2015 dáàbò bo gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì ka nínà ọmọ ní ilé-ìwé léèwọ̀. A mọ̀ pé pàṣán ṣì wà ní kíláàsì púpọ̀. Àwọn òbí mìíràn gan-an ni ó ń gé e wá fún olùkọ́.

Ọ̀ràn kan wà tí a kì í gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òbí rárá. Bí àgbàlagbà kan ní ilé-ìwé bá fọwọ́ kan ọmọ yín ní ọ̀nà tí kò yẹ, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a mọ̀ sí CPS tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GUPS báyìí. Ẹ sì lè pe 138 lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Òfin oṣù kejìlá ọdún 2021 tí ó wà fún ààbò obìnrin mú irú ọ̀ràn yìí le gan-an. Àwọn àgbà ilé yóò wá bẹ̀ yín, wọn yóò gbé obì àti ọtí wá, wọn yóò ní kí ẹ má ba orúkọ ẹni jẹ́. Ẹ má gba obì náà.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ tiyín ni ó ń gba owó ọmọ kékeré ńkọ́? Ìyẹn ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí ní oṣù tí ń bọ̀.