Ohun Tí Ẹ Kọ Nípa Fìdítì, Ẹ Wá Sọ Ọ́ ní Fìdítì

Bí ẹ bá dàgbà sí ìlú bíi tiwa, ẹ ó ti rí wọn rí. Ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta, káàdì ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn, ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Wọ́n á kí Màmá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: yàrá mélòó ló wà nínú ilé yìí? Ìdílé mélòó ló ń gbé e? Níbo lẹ ń da ilẹ̀ sí? Màmá á dáhùn, á tún bu omi fún wọn mu. Wọ́n á ya fọ́tò páànù tó ti dípẹtà, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Ọmọ másítàsì ni wọ́n, ètò ìlú ni wọ́n ń kọ́. Ó parí nìyẹn. A kì í rí wọn mọ́.

Ọ̀kan nínú wa tí ìyá ìyá rẹ̀ ń gbé ní Ìlọràá ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ ti dé ilé wọn. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn dé. Àwọn ìyẹn kò mú ìwé ìbéèrè wá, ọ̀dà pupa ni wọ́n gbé dání. Wọ́n kọ X sára ògiri iwájú, wọ́n ní ilé ti sún mọ́ títì jù. Ohun tí Màmá kọ́kọ́ bi ọmọ ọmọ rẹ̀ ni pé: "Ṣé kì í ṣe àwọn tó wá kọ orúkọ wa lọ́jọ́sí ló rán wọn wá?"

Kì í ṣe àwọn ni. Ṣùgbọ́n báwo ni Màmá ṣe fẹ́ mọ̀? Ta ló padà wá sọ ohun tí wọ́n fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe fún un?

Ohun tí à ń sọ kò gùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ilé àwọn èèyàn gba oyè másítàsì tàbí ti ọ̀mọ̀wé, yálà nínú iṣẹ́ yíyàwòrán ilé tàbí ètò ìlú, gbọ́dọ̀ padà sí ìlú náà, kó dúró níwájú wọn, kó sì fi Yorùbá sọ ohun tó rí, kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Kó di òfin, bó ṣe jẹ́ òfin pé kó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò.

Ẹ má sọ pé ọ̀nà jìn. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni Fìdítì àti Ìlọràá wà. Wọ́n ń kọ́ ètò ìlú ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ń kọ́ ọ ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń kọ́ ọ ní Ifẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá ní Fìdítì lójoojúmọ́, wọ́n ń dúró ra ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó. Ọsàn ń wọ inú ọkọ̀, ìmọ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba náà ńkọ́? Àwa náà ti lọ jókòó níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ aṣọ oyè, wọ́n pín ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ní àárín ìlú Yorùbá, a jẹ mítì páì, a lọ sílé. Kò sí ẹnì kan tó ń gbé àárín ìlú Yorùbá nínú gbọ̀ngàn náà, àfi bóyá ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Ìta gbangba wo nìyẹn?

A kò bá àwọn ìwé náà jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje kọ ìwé lórí àwọn ìlú Yorùbá ní 1962, ó tún kọ èyí tó lókìkí jù lórí ìdàgbàsókè ìlú ńlá ní Nàìjíríà ní 1968. G. J. Afọlábí Òjó kọ ti ààfin Yorùbá ní 1966. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Òfin 88 ti ọdún 1992, tó ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé gba àṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Bí Màmá ṣe di arúfin nìyẹn ní èdè tí kò gbọ́.

Wọ́n á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Irọ́ ni. Ẹ tẹ̀ lé bíríkìlà kan fún ọ̀sẹ̀ kan: ìpìlẹ̀, ìloro, àgbàlá, gbàgede, ìyẹ̀wù, ojú àgbàrá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ nípa setback, kó ní àlàfo tí ilé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún títì. Ta ni kò ní gbọ́? Láti 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, òun la fi ń kọ iṣẹ́ wa títí dòní. Ká sọ tòótọ́ o, àwa ọmọ Yorùbá náà jẹ̀bi níbí. A ní orúkọ fún gbogbo oríṣi gbólóhùn tó wà láyé, a kò ṣe ìwé ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń wa gọ́tà.

Àwọn mìíràn á ní àwọn èèyàn ìlú á bínú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó rọrùn láti jókòó sí ilé ìkàwé kí èèyàn kọ "slum" sí ìdí agbo ilé kan. Ẹ wá sọ ọ́ ní Yorùbá lójú baálé ilé náà. Ọ̀rọ̀ wo lẹ ó lò? Ẹ ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìrònú ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló sàn ju ìdajì tẹ́síìsì lọ. Bàbá á sì dáhùn. Á ní ibi tí ẹ kọ sílẹ̀ pé ó ṣófo nínú àgbàlá yẹn, bàbá òun ló sùn síbẹ̀, òun kò sì ní jẹ́ kí títì gba orí rẹ̀ kọjá. Ìwé ìbéèrè yín kò béèrè ẹni tí wọ́n sin sínú ilé, iye yàrá ló béèrè. Bàbá kan náà lè máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú àgbàrá lọ́wọ́. Àgbàrá òjò ní òun yóò wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí àgbàrá ń gbà. Ẹ̀yin lẹ wọn ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún un.

Ìlọràá mọ ètò tó ti òkè wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá oko ńlá sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde iléèwé, wọ́n wo àpẹẹrẹ Ísírẹ́lì. Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fi irú oko bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Wọ́n tún ní kò sí owó ọkọ̀. Owó ọkọ̀ tí wọ́n fi wá bi Màmá léèrè, ibo ni wọ́n ti rí i?

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Afijio lọ́wọ́ báyìí, kó kàn sí wa. A ó bá a jókòó, a ó wá ọ̀rọ̀ tó bá yẹ, a kò ní gba kọ́bọ̀. Gbọ̀ngàn iléèwé kan ti tó, kó ṣáà ti má bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Màmá ti Ìlọràá ní òun yóò wá. Ó ní ìbéèrè kan nípa ọ̀dà pupa.