Láti ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀rì dé Àjàṣẹ́: ọ̀nà tí Gbadamassi gbà ti yí padà

Rachidi Gbadamassi kì í ṣe mẹ́ẹ̀rì Tchaourou rí. Parakou ló ti ṣe é. Àmọ́ nínú ìbò aṣòfin, Parakou, Tchaourou, N'Dali àti Pèrèrè, ẹkùn kan náà ni wá, ìkẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ ti Parakou dé Ilé Aṣòfin, dandan ni kó wá kí wa nílé. Ìdí nìyẹn tí a fi mọ̀ ọ́n dáadáa níbí.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Òfin ìṣèjọba ìbílẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní 1999, àmọ́ ìparí 2002 wọ 2003 ni a tó dìbò fún kọmúnù 77. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tí ìjọba rán wá láti òkè ló ń pàṣẹ. Gbadamassi wà lára àwọn mẹ́ẹ̀rì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Ọjà, ilẹ̀, ìwé ìbí, owó kọmúnù, mẹ́ẹ̀rì ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé, gbogbo ìlú ló mọ ojú rẹ̀, ojú tí wọ́n mọ̀ yìí ni wọ́n sì ń dìbò fún. Ní 2007, ó di aṣòfin. Ó bá Boni Yayi, ọmọ Tchaourou tiwa, rìn. Nígbà tó yá ó bá Talon rìn, ní 2019 ó sì tún wà nínú Ilé lábẹ́ Bloc Républicain. Àwọn kan níbí ò tíì dárí ìyẹn jì í.

Ṣé mẹ́ẹ̀rì òde òní lè gba ọ̀nà yẹn? Ó nira o. Láti ìgbà tí òfin oṣù Kejìlá 2021 ti jáde, akọ̀wé àgbà tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ kọmúnù, òun náà ló ń fọwọ́ sí ìnáwó. A ò dìbò yàn án. Ìjọba ní kí òṣèlú má baà máa ba iṣẹ́ jẹ́ ni, a ò sì lè sọ pé irọ́ ni. A rí bí àwọn mẹ́ẹ̀rì kan ṣe ná owó. Àmọ́ kọmúnù wa ló fẹ̀ jù ní Benin, ó lé ní 7,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹni tó ti Bétérou wá nítorí omi ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ilé mẹ́ẹ̀rì ló ṣì ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó fẹ́ di olùkọ́ bi wá ní kíláàsì pé: "Ta wá ni ká lọ bá?" A dáhùn bí ìwé òfin ṣe wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Agbára tó kù lọ́wọ́ mẹ́ẹ̀rì, òkè ló wà. Mẹ́ẹ̀rì 77 àti aṣòfin 109, àwọn 186 yìí nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé ẹni tó fẹ́ dupò ààrẹ. Òfin 2024 ní kó gba ọwọ́ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ìyẹn èèyàn 28. Iye aṣòfin tí ẹgbẹ́ Les Démocrates ní nígbà náà gan-an nìyẹn, 28 géérégé. Ní oṣù Kẹwàá 2025, ọ̀kan nínú wọn ní òun ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Bí orúkọ Agbodjo ṣe já kúrò nínú ìdíje 2026 nìyẹn. Ìbuwọ́lùwé ẹyọ kan péré!

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọwọ́ mẹ́ẹ̀rì kò tó owó tí yóò fi tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Bétérou, àmọ́ ó tó ìwé ẹni tó fẹ́ di ààrẹ. Ta ló máa wá bẹ̀ ẹ́ nílé, ará Bétérou ni àbí àwọn àgbà ẹgbẹ́ láti Kútọnu?

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìíní 2026, ọjọ́ kan náà la dìbò fún ìgbìmọ̀ kọmúnù àti aṣòfin. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè má rí àga kankan. Ní 2019, wọ́n dí ọ̀nà ní Tchaourou níbí lọ́jọ́ ìbò, jákèjádò orílẹ̀-èdè, ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá kò tiẹ̀ pé tó dìbò. Ní 2026, pẹ̀lú àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ oṣù Kọkànlá 2025, àwọn tó wọlé máa lo ọdún méje gbáko.