Ẹni tí Ń Tọ́jú Ọjà Yẹ fún Owó Iṣẹ́ Rẹ̀

Ìwọ ọmọ ilé ìwé, nígbà tí o bá jẹ iyán tán ní alẹ́, ǹjẹ́ o tilẹ̀ ń rántí àwọn tí iṣu náà gba ọwọ́ wọn kọjá? O lè rántí àgbẹ̀, awakọ̀ àti alájàpá. Ṣùgbọ́n ta ni í rántí olórí ọjà, ẹni tí ń tọ́jú ibi tí gbogbo wọn ti pàdé?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti dé ọjà. Òun ni í fi ibi tí ọkọ̀ yóò já ẹrù sí hàn. Òun ni í parí ìjà lórí òṣùwọ̀n gàrí. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹrẹ̀ sì kún ojú ọ̀nà, òun ni a ń bú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í gba owó oṣù kankan.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìdásílẹ̀ àti ìtọ́jú ọjà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ìjọba bá ń gba owó ìsọ̀, èé ṣe tí ẹni tí ń mú kí ọjà tòrò kò fi ní rí nínú rẹ̀? Òtítọ́ ni pé òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ìbòòji. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò sọ ọ́ kí a lè fi í ṣe òfin.

Àwọn kan yóò wí pé iyì oyè tó fún un. Wọn yóò dárúkọ Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Èkó, tí ó kú ní 1951. Nígbà ogun tí ó parí ní 1945, tí ìjọba amúnisìn fẹ́ fi òfin dá iye owó oúnjẹ, kò gbà kí wọ́n fi owó ra òun. Ṣùgbọ́n rò ó wò: ẹja ni ó ń tà, oúnjẹ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ẹni tí a fi sí ẹnu iṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí kò ráyè tajà tirẹ̀, tí a kò sì sanwó fún, ojú ọ̀nà àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a tì í sí. Bí ó bá gbà á, ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ láìsanwó ni ó kọ́kọ́ jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kan, ìwọ náà lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Fún wọn ní owó oṣù tí ó tó, iyàrá tí òjò kì í wọ̀, omi, ilé ìgbẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Lẹ́yìn náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá tún gba rìbá, yọ ọ́ láìṣojúsàájú.