Nọ́ńbà Ọkọ, Òtútù Ìyàwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé ìjà èmi àti àwọn tó ń fi nọ́ńbà tajà kò tíì parí. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n tún tọ́ mi níjà.

Tọkọtìyàwó kan ní àdúgbò wa, Nimbo níbí, fẹ́ lọ pàgọ́ sórí òkè Tonkpi, nítòsí Man, nígbà ọyẹ́. Ọkọ ti ra àpò ìsùn oníhùùhù méjì nídìí yúgúyúgú, ó gbé wọn wá kí n bá òun yẹ̀ wọ́n wò. Ó nàka sí nọ́ńbà tó wà lára wọn: òdo. "Ẹ̀gbọ́n, bí omi tiẹ̀ dì, a ó sùn fọnfọn ni." Mo ní, "Ìwọ àti ta ni?"

Mo fẹ́ pín ọ̀rọ̀ yìí sí mẹ́ta: nọ́ńbà, ìhùùhù, síìpù. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà. Láti ọdún 2002 ni àwọn ará Yúróòpù ti ní ìlànà EN 13537, tí ISO 23537 wá gbapò rẹ̀ ní 2016. Wọ́n á ti ọmọláńgidi tó ń móoru bọ inú àpò, wọ́n á sì wọn ooru tó ń jáde lára rẹ̀. Láti inú èyí ni wọ́n ti ń ṣírò nọ́ńbà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ìtura, obìnrin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Èkejì ni nọ́ńbà òpin, ọkùnrin tó ká jọ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta burú: obìnrin yẹn náà ni, wọ́n ní ó lè fara dà á fún wákàtí mẹ́fà láìkú. Lára ọ̀pọ̀ àpò, ti ọkùnrin ni wọ́n ń kọ gàdàgbà síta. Ti obìnrin wà nínú, wíńníwínní, lára léébù. Òdo tí àbúrò mi ń fi yangàn, tirẹ̀ ni. Ti ìyàwó rẹ̀, ìwọ̀n 5 ni léébù wí.

Ẹ gbà mí o! Ta ló ní kí wọ́n máa fi ara ọkọ díwọ̀n òtútù ìyàwó? Bẹ́ẹ̀ náà ni fáànù inú ilé: ooru ń mú baálé, gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì tó ń kó àwa ọmọ Ejigbo bọ̀ ní Abidjan: dírẹ́bà wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ẹ̀rọ amúlétutù dé góńgó. Ìyá mi kì í wọkọ̀ yẹn láìmú kíjìpá dání. Bàbá á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé Òyìnbó ló ń lọ bá ni. Kí a tó kọjá Lomé, ìdajì kíjìpá ti wà lọ́rùn Bàbá, á sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Á ká ẹsẹ̀ sókè, á fi gèlè bo èjìká. Ọkùnrin tó ń jí aṣọ ìyàwó rẹ̀ lóru, òun náà ló máa jí ní àárọ̀ tí á ní òtútù ò mú òun!

Ìhùùhù ńkọ́? 650, 800 tí wọ́n ń pariwo kì í ṣe ìwọ̀n ooru. Bí ọ́ǹsì kan rẹ̀ ṣe ń wú tó ni. Ìrì tàbí òjò bá ti rin ín, ó ti pa mọ́ra. Èyí tí a sùn lé náà kò lè wú: ẹni tó bá ti sùn lórí tìmùtìmù òwú àràbà mọ bó ṣe ń di pẹlẹbẹ. Nítorí náà, ẹ ra ẹní tó nípọn kí ẹ tó ra àpò olówó ńlá. Bó bá jẹ́ Nimbo níbí lẹ fẹ́ sùn, ẹ ṣí síìpù àpò náà pátápátá kí ẹ fi bo ara ẹ̀yin méjèèjì, ó ti tó.

Síìpù yẹn gan-an! Méjèèjì tí ọkọ rà, ọwọ́ ọ̀tún ni síìpù wọn wà. Wọn ò lè so pọ̀ àfi kí wọ́n dojú ọ̀kan dé. Ọ̀tún kan, òsì kan, síìpù irú kan náà, gígùn kan náà, ni tọkọtìyàwó ń rà. Mo ní kó dá ọ̀kan padà, kó wá olósì tí nọ́ńbà obìnrin rẹ̀ kò ju òdo lọ, kó sì fún ìyàwó.

Ó ní, "Èmi náà ńkọ́?"

Mo ní kó ká jọ. Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn.