Ẹni Tó Fẹ́ Gbéra Ló Nílò Ìgboyà

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí jálá epo sì fò láti bíi 190 náírà sí nǹkan bíi 500 náírà, ìwàásù kan náà ló gba gbogbo orí pẹpẹ kan. Ayé ti yí padà, ẹ má bẹ̀rù, ẹ di ìgbàgbọ́ yín mú. Wọ́n ń wí i l'Ékòó, wọ́n ń wí i ní Òdòdé Ìdànrè. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kì í kọjá ibẹ̀. Wọn kì í sọ ohun tí onígbàgbọ́ máa fi ìgboyà náà ṣe bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́.

Ìtàn Òkun Pupa ni ààyò àwọn oníwàásù lásìkò yìí. Wọ́n á ròyìn bí ogun Fáráò ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn, bí òkun ṣe dí ọ̀nà níwájú, bí Mósè ṣe ní kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, ìjọ á ké halelúyà, igbá ọrẹ á sì gbéra. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ni wọn kì í kà, níbi tí Ọlọ́run ti bi Mósè ìdí tó fi ń ké pe òun, tó ní kó sọ fún àwọn èèyàn náà kí wọ́n máa lọ. Ti Jóṣúà náà ò yàtọ̀: ìgbà tí Mósè ti kú, tí odò Jọ́dánì wà níwájú tí wọ́n gbọ́dọ̀ là á kọjá, ni wọ́n gbà á níyànjú pé kó ṣọkàn akin. Ẹni tó fẹ́ gbéra ni Bíbélì ń fún ní ìgboyà. Ẹni tó jókòó ò nílò rẹ̀, àga tó o.

Ó yẹ kí èyí yé ará Ìdànrè ju ẹnikẹ́ni lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, orí òkè ni ìlú wà, níbi tí apá ọ̀tá ò ti ká a. Láàárín 1920 sí 1930 ni wọ́n kó sọ̀kalẹ̀, nígbà tí ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí oko kòkó sì ń fà wọ́n sí ìsàlẹ̀. Wọ́n fi ààfin Ọwá sílẹ̀, wọ́n fi ojúbọ àti ibojì àwọn baba wọn sílẹ̀. Irọ́ ni ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ Kristẹni nìkan ló sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ń pa. Gbogbo ìlú ló sọ̀, oníṣọ́ọ̀ṣì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Síbẹ̀ wọn ò sọ òkè nù. Títí dòní, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 padà síbẹ̀ fún ọdún wọn. Irú ìlú yìí kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní bí a ṣe ń dúró sójú kan.

Àwọn Aládùúrà ńkọ́? Lásìkò ọ̀fìnkìn apààyàn 1918, tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú, Joseph Shadare àti àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà n'Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ fún àdúrà. Sophia Odunlami, olùkọ́ tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wà lára wọn. Nígbà tó di 1922 tí ìjọ ò gba ohun tí wọ́n gbà gbọ́, wọ́n jáde. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí òun náà di oníwàásù Aládùúrà, ń wa ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń tẹ títì lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ìpè dé bá a lóṣù Kẹwàá 1928. Iṣẹ́ ìjọba ni, owó oṣù tó dájú. Ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí ìsọjí ńlá rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ n'Íléṣà lóṣù Keje 1930, owó kòkó ti wó lágbàáyé. Ní 1932, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ó jáde, ó tún mú ọ̀nà ìwàásù pọ̀n. Orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n ń pè lónìí láti fi ní kí èèyàn jókòó máa retí. Ẹni tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ la ìlú, tó ṣẹ̀wọ̀n!

Àwọn kan á ní àdúrà náà iṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Nehemáyà gbàdúrà, ó sì yan ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán tòru. Ẹ mú ẹ̀ṣọ́ tiyín wá ká rí i. Àwọn mìíràn á ní arúgbó ńkọ́, aláìsàn ńkọ́, àwọn tí kò lè gbéra? Nítorí tiwọn gan-an ni ẹlẹ́sẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gbéra.

Kòkó ló tú àṣírí ìwàásù ìjókòó yìí. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Lóṣù Kejìlá, ó lé ní 12,000. Ojú ọjọ́ àti àrùn ló ba kòkó Ghana àti Côte d'Ivoire jẹ́ tí ọjà fi gbówó lórí. Lórí pẹpẹ, ìyẹn ò sí nínú ìtàn: ọdún ìgbéga ni wọ́n pè é, ẹ̀rí ń wọ́ tẹ̀ lé ẹ̀rí. Kí 2025 tó parí, iye náà ti já ju ìdajì lọ. Kíá ni ìgbéga di ìkọlù ọ̀tá, iṣọ́ òru bẹ̀rẹ̀. Ó yani lẹ́nu bí àwọn ọ̀tá abúlé ṣe mọ ọjà New York àti London tó báyìí. Nígbà tí owó wà lọ́wọ́, ta ló sọ fún àgbẹ̀ pé kó tọ́jú díẹ̀, kó gé igi tó ti gbó, kó gbin tuntun? Jósẹ́fù kó ọkà ọdún méje pamọ́, ẹ̀wù aláràbarà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wàásù.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan owó, ó kúkú yẹ ká sọ ọ́ débi tó ń lọ. Ìdá mẹ́wàá àti owó ìkórè àwọn tálákà wà lára ohun tí àwọn ìjọ fi kọ́ yunifásítì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ilé náà dùn-ún wò. Ọmọ mélòó nínú àwọn tó ń bá bàbá wọn fọ́ kòkó ló lè san owó ọdún kan níbẹ̀? Wọ́n á máa ki àwọn baba ìgbàgbọ́ tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ọmọ òṣìṣẹ́ àti ọmọ àgbẹ̀ á máa yọjú láti ẹnu géètì. Kí ẹni tó ń wá ohun tó ń lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò nínú ìjọ tètè wo ibẹ̀, kó tó dá ẹ̀mí èṣù lẹ́bi.

Ìkórè mìíràn máa dé Òdòdé. Ìjọ kan lè ya nínú owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí àgbẹ̀ lè rí owó oògùn kòkó yá láìlọ bá olówó èlé. Òmíràn lè yọ̀ǹda gbọ̀ngàn tó ń ṣófo láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Pásítọ̀ tó bá dábàá èyí á nílò ìgboyà gidi, torí pé owó yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ ìjọ ti ń wò fún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ rà fún un.